Oúnjẹ Ẹni Tí Kò Sí Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ sún mọ́ra díẹ̀ sí i, kí afẹ́fẹ́ má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tí ara ń yún láti jáde, kó tètè jáde, nítorí ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Ìtàn obìnrin kan ni, àti ìwé kan, àti oúnjẹ kan tí wọ́n bò sílẹ̀. Mo ṣèlérí fún yín pé bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó máa ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ nílé yín. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí òkun ti gbé etíkun mì, tí àwọn èèyàn ń gbé nínú ilé onírin tó léfòó ní Ìta-Omi. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò.

"Mi ò rí ohun kan tó padà wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ," Agbọ́tán wí láti òkè àjà. "Ó ku ojú ènìyàn."

Ẹ̀rọ ni Agbọ́tán. Ó rọ̀ sórí tábìlì bí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, iná kan sì ń tàn ní ìdí rẹ̀. Iná náà yí padà di àwọ̀ ewé. Iyùnadé fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti ka gbogbo ìtàn kí ará ìlú tó kà á, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó lè fi imú gbọ́ òórùn òǹkọ̀wé tí ẹ̀rù ń bà.

Ọkùnrin kan wọlé, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, aṣọ rẹ̀ mọ́ ju ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ̀kúndayọ̀ lorúkọ mi. Èmi ni wọ́n ní kí n wá máa bá yín kà á."

"Káàbọ̀, àbúrò. Alàgbà Bámitálẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga, ó jókòó. Alàgbà Bámitálẹ̀ ti jókòó lórí àga yẹn láti ìgbà tí Iyùnadé ti wọṣẹ́. Lánàá pàápàá, ó jókòó síbẹ̀ jẹ gúgúrú. Obìnrin náà wo ìdí àga, gúgúrú kan ṣì wà nílẹ̀.

"Ó jọ pé mo ṣi orúkọ pè," ló fèsì.

Àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni Iyùnadé ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọmọkùnrin náà. Ìka mélòó ló fi ń ṣí ìwé? Kí ló dé tí kò fi mẹ́nu lé e pé ìwé náà nípọn, bí gbogbo àlejò ṣe máa ń wí? Ó jọ ẹni tó ti kà á rí.

"Àǹtí, ẹ má bínú," Ẹ̀kúndayọ̀ wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, "àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òfin yìí ń yà wá lẹ́nu. Kí ló burú nínú kí ohun kan máa padà wá nínú ìtàn? Ṣebí òjò náà ń padà wá."

"Wọn ò tíì bí ọ nígbà Aṣọ Pupa ni?"

"Mo gbọ́ ọ fìrìfìrì."

"Òǹkọ̀wé kan sá aṣọ pupa sórí okùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ó jọ pé ó kàn fẹ́ kí aṣọ gbẹ. Nígbà tó yá, òjò rọ̀, wọn ò ká a. Ó tún yá, obìnrin kan sá tirẹ̀ síwájú ilé ẹni tí wọ́n pa. Títí ìwé yẹn fi parí, kò sọ gbólóhùn kan tí èèyàn lè tìtorí ẹ̀ dì í mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kan, ìlú jí, aṣọ pupa wà lórí gbogbo okùn. Àwọn sójà ò mọ ẹni tí wọn ì bá mú."

"Kí ni aṣọ náà wá ń wí?"

Iyùnadé gbójú sókè. "Mi ò kà á."

"Ẹ sì mọ̀ ọ́n báyìí!"

"Wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ ni."

Wọ́n ń kàwé lọ. Ìtàn ìdílé aláró kan ni. Bí omi ṣe ń kún ni wọ́n ń kó láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ìyá àti àwọn ọmọ, pẹ̀lú ìkòkò aró lórí. Ní ilé kìíní, kí àwọn ọmọ tó fọwọ́, ìyá bu ẹ̀kọ sínú igbá, ó dé e, ó gbé e sí kọ̀rọ̀. Kò sọ ti ẹni tó jẹ́. Ní ilé kejì, igbá ti bómi lọ, èèpo àgbọn ló bu oúnjẹ sí, ó fi ewé bò ó. Ní ilé tó tẹ̀ lé e, kọ́ọ̀bù ni, kò sí ewé mọ́, nítorí náà àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kọ́ọ̀bù títí gbogbo wọn fi jẹun tán. Ọwọ́ ń ro ó, kò gbé e kúrò. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ta ló ni ín.

Agbọ́tán rí igbá, ó rí èèpo àgbọn, ó rí kọ́ọ̀bù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n fi bo oúnjẹ ni ẹ̀rọ ń wò, kò wo bíbò. Ṣùgbọ́n Iyùnadé rí i. Ẹ̀gbà tí ìjọba fi sí i lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, bó ṣe máa ń gbóná nígbàkígbà tí àyà èèyàn bá já. Ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ irin tútù ilẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó já a láyà. Ọkọ rẹ̀, Tìámíyù, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Erékùsù. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, kò sí nílé ayé rí nìyẹn: wọn kì í dárúkọ rẹ̀, wọn kì í sunkún rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ni Ògiri ti yọ ẹnu Tìámíyù kúrò lára ẹnu tó ń bọ́ nínú ilé náà. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ni Ògiri yìí, òun ló ń gbé oúnjẹ jáde fún gbogbo ìlú, ìwọ̀n tí ó tó ẹnu ni. Bí oúnjẹ bá ṣẹ́ kù, òfin ní kí wọ́n bò ó, kí wọ́n dá a padà fún un kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá fi oúnjẹ pamọ́ fún ẹni tí kò sí, ó ń sọ pé ẹni náà wà nìyẹn, ọ̀ràn ńlá sì ni.

Ìyá Tìámíyù ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Oúnjẹ ẹnu méjì ni Ògiri ń gbé fún wọn, arúgbó náà sì ń pín in sí mẹ́ta. Ó ń bo ìkẹta síbi orí ibùsùn rẹ̀. Tó bá di òwúrọ̀, àwọn méjèèjì á jẹ ẹ́, wọ́n á ní ẹni tó ni ín ló fún àwọn jẹ.

"Ìyá àgbà, ẹ ń rù," Ògiri ti wí lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ṣé ẹ ń jẹun?"

"Ọjọ́ orí ni," arúgbó náà dá a lóhùn. "Ìwọ náà á rù bí o bá dàgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Iyùnadé ò sùn dáadáa mọ́.

Nísinsìnyí, ìwé wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́, ibikíbi tí ó wà, ó ní ẹnì kan ní Erékùsù, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ní tirẹ̀ níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Ṣówándé á wọlé, àwọn òǹkàwé méjèèjì á wí níwájú rẹ̀: mo rí i, tàbí mi ò rí i. Bí ẹnu wọn ò bá dọ́gba, ẹni tó ní òun ò rí ni wọ́n máa mú. Bí Iyùnadé bá wí pé òun rí i, wọ́n á mú òǹkọ̀wé, wọ́n á sì bi òun náà pé ta ló kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá tọ ìbéèrè yẹn dé ilé, orí ibùsùn arúgbó ni yóò parí sí.

"Àǹtí, ẹ pẹ́ lórí ojú ìwé yẹn."

"Ojú ń ro mí."

"Ìyá yẹn ń ṣe mí láàánú."

"Ìyá wo?"

"Ìyá inú ìwé kẹ̀."

"Àánú kí ni? Ó mọ aró pa."

Ẹ̀kúndayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ bojú wo igbó. Igbó kì í rò, ẹni a bá sọ fún ní í ṣe ikú pani. Iyùnadé ti orí bọ ìwé padà.

Lọ́sàn-án, Ògiri yàrá náà là, ó gbé abọ́ méjì jáde, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ inú omi. Wọ́n jẹun. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ẹ̀kúndayọ̀ jẹ tirẹ̀ tán, ó dáwọ́ dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo òkè. Ó mú ìderí, ó rọra bo èyí tó kù, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

"Fún ẹni tí kò sí nílé," ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. "Àǹtí, gbogbo wa la ní ẹnì kan."

Omi lé sí ojú Iyùnadé. Láti ìgbà tí Tìámíyù ti lọ, kò tíì sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí. Ètè rẹ̀ ṣí. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n.

Ó kàn ṣèèṣì wo abọ́ náà ni. Ìderí ò bò ó tán, ẹ̀kọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn díẹ̀. Àpá eyín Ẹ̀kúndayọ̀ wà lára ẹ̀kọ náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí nǹkan? Ní ìrọ̀lẹ́ kìíní tí wọ́n mú Tìámíyù, Iyùnadé fúnra rẹ̀ jẹun, ó gbé èyí tó kù kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ dá abọ́ náà padà síwájú rẹ̀. "Àjẹkù kọ́ là ń fi pamọ́ fún baálé ilé," arúgbó wí. "Ajá là ń kó àjẹkù fún. Ẹni tí à ń retí là ń kọ́kọ́ bù fún, kí àwa tó fọwọ́ kàn án." Láti ọjọ́ yẹn, ti Tìámíyù ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù. Kò sí ilé tó ń retí èèyàn tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bo oúnjẹ de ẹnikẹ́ni rí, tó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n fìyà jẹ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀, òun nìkan ló lè fi eyín ge é kó tó bò ó.

Iyùnadé gbé orúkọ ọkọ rẹ̀ mì.

"Jẹ ẹ́ tán, àbúrò," ó wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ògiri á gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Ojú ọmọkùnrin náà yí padà díẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀gbà tún gbóná lọ́wọ́ obìnrin náà, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń bà á lẹ́rù báyìí. Ó ṣí orí ìkẹyìn ìwé. Ó ti kà á láàárọ̀, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kó rí i dáadáa. Wàyí o, ó tún un kà. Ìyá aláró àti àwọn ọmọ jẹun, wọ́n yó. Wọ́n wá kó ohun tó kù jọ, wọ́n bò ó. Òǹkọ̀wé ní wọ́n bò ó dáadáa. Ó tún ní gbogbo wọn wo ìderí náà, wọ́n wò ó pẹ́. Obìnrin tó ti ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ láti ilé dé ilé, kí ló ṣe tó fi wá ń bo àjẹkù? Òǹkọ̀wé tí kò fẹ́ kí a ríran láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tó wá ń fi ìka tọ́ka sí i?

Ọwọ́ mìíràn ló kọ orí yìí. Ọwọ́ àwọn tó rán ẹni tó bo abọ́ lẹ́ẹ̀kan ni.

Ó yé e. Wọ́n ti mọ ohun tó wà nínú ìwé náà kí wọ́n tó gbé e fún un. Wọ́n fi orí ìkẹyìn kún un kó lè hàn gbangba, kí ẹni tó bá ní òun ò rí i lè di elékèé. Ìwé òǹkọ̀wé ni wọ́n fi ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀, òun ni ẹja. Bó bá ní òun ò rí i, ó gbé. Bó bá sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó gbé, òun àti arúgbó, àti òǹkọ̀wé tí kò mọ̀ rí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Iyùnadé wọ bàtà rẹ̀ padà, ó jókòó, ó ń ronú.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, Ọ̀gá Ṣówándé wọlé. Obìnrin arúgbó ni, ó sanra, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ kì í sì í dé ojú.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ ìwé. Iyùnadé, ìwọ ni àgbà. O rí i, àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, ọ̀gá mi."

Ẹ̀kúndayọ̀ mí kanlẹ̀. Ọ̀gá fa àga sún mọ́ ọn. "Àrà ń bẹ. Agbọ́tán ò rí i, ìwọ rí i. Kí lo rí?"

"Oúnjẹ tí wọ́n bò ni, ọ̀gá. Ó ń padà wá láti ilé dé ilé. Ohun tí wọ́n bù ú sí ń yí, bíbò ò yí."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ìwé Ògiri ni."

Ọ̀gá Ṣówándé kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣàlàyé."

"Ọ̀gá mi, ohun tó bá ń padà wá nínú ìtàn, ó dà bí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè. A lè kọ́kọ́ pè é ní igi, ká tún pè é ní màlúù. Ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà la máa tó mọ ẹni tí a ti ń wò látàárọ̀. Ẹ wo orí ìkẹyìn, ibẹ̀ ló ti dé ẹnu ọ̀nà. Àjẹkù ni wọ́n bò, gẹ́gẹ́ bí òfin Ògiri ṣe wí. Àjẹkù náà wá ni gbogbo èyí tó wà ṣáájú nìyẹn. Ìdílé tí omi lé kúrò nílé, tí kò fi oúnjẹ ìlú ṣòfò! Òǹkọ̀wé yìí, ọmọ rere ni."

"Irọ́ ni!" Ẹ̀kúndayọ̀ ti dìde. "Ọ̀gá, ó mọ̀ ọ́n! Ẹni tí kò sí nílé ni wọ́n—"

"Ta ni kò sí nílé?" Iyùnadé bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Èmi ò rí ẹnikẹ́ni tó sọnù nínú ìwé. Àbí ìwọ mọ ẹnì kan ni? Tàbí kẹ̀, orí ìkẹyìn yìí ni kò tẹ́ ọ lọ́rùn? Ta ló kọ ọ́?"

Ọ̀nà méjèèjì dí mọ́ ọmọkùnrin náà. Bó bá ní orí ìkẹyìn ò sí lára ìwé, ó ti tú àṣírí ẹni tó rán an níṣẹ́. Bó bá ní ó wà lára rẹ̀, ìtumọ̀ Iyùnadé ló dúró. Ó wo Ọ̀gá Ṣówándé. Ọ̀gá wo ìwé. Ó ṣí orí ìkẹyìn, ó kà á láti òkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó jọ ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Jókòó, Ẹ̀kúndayọ̀," ló wí níkẹyìn. "O ti ba iṣẹ́ jẹ́."

"Ọ̀gá, mo ṣe bí ẹ ṣe—"

"Mo ní o jókòó."

Ó yíjú sí Iyùnadé, ó wò ó pẹ́. "Ọbẹ̀ kì í mì níkùn rẹ, ọmọ yìí. Ó dára. Ìwé ti kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní ẹjọ́." Ó tẹ èdìdì lé e. "Ìwé tó dára tó báyìí, a ò ní fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà nìkan. Yóò wọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ìwọ náà tí o mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìwọ ni yóò máa lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀gbà rẹ á wà lọ́wọ́ rẹ, èmi náà á máa gbọ́."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi," Iyùnadé wí. Kí ni kó tún wí?

Bó ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Ó ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pa ìwé tó gbà là. Ó ń ka ibi igbá, á ní àjẹkù ni. Ó ń ka ibi tí ọmọbìnrin fi àtẹ́lẹwọ́ bo kọ́ọ̀bù, á ní àjẹkù ni. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé òǹkọ̀wé náà á gbọ́ ọ níbi tó wà, pé kò sì ní mọ ìdí rẹ̀, á máa gégùn-ún fún un. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ọmọ jáde nínú iná, aṣọ ọmọ lè jó.

Lọ́jọ́ kan, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ apẹja, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọn ò tíì jẹun."

"Kí lo wí?"

"Ìyá aláró. Wọn ò tíì jẹun nígbà tó bò ó. Báwo ló ṣe jẹ́ àjẹkù?"

Iyùnadé wo ọmọ náà, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀gbà kò tíì sí. Ó wo olùkọ́ kíláàsì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé ìwọ̀ mìíràn ni Ọ̀gá tún jù sínú omi? Ẹ̀gbà ń jó o lọ́wọ́. Ó wù ú kó gbá ọmọ náà mọ́ra. Ó wù ú kó sá.

"Jókòó," ló wí. "Ẹ ṣí orí tó kàn."

Ọmọ náà jókòó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣí orí tó kàn. Gbogbo wọn ló ń ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, títí wọ́n fi dé ilé kìíní. Orí wọn tẹ̀ sórí ìwé, wọ́n sì ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Motúnráyọ̀ lorúkọ ọmọ náà, ọmọ aláwọ̀n ni. Arúgbó ni nígbà tí mo bá a pàdé, tí ẹ̀gbà ti kúrò lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ó ti bá Iyùnadé jókòó kó tó kú, ó ti gbọ́ ìyókù lẹ́nu rẹ̀, òun ló sì gbé ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́ bí mo ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́ yìí. Ó búra fún mi pé ẹnikẹ́ni ò rán òun.